Orúkọ Tí Kivilahti Mọ̀

Bí Tarmo bá fọwọ́ sí ìwé iwájú rẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, Joona Rautio, ọmọ bíbí Kivilahti tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, á di ti ẹgbẹ́ ńlá kan ní Helsinki, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín ti ìlú náà á sì fi owó rẹ̀ ra ògbóǹtarìgì kan tó mọ góòlù í jẹ. Bí kò bá fọwọ́ sí i, tí ẹgbẹ́ bá tún ṣe ìkẹyìn lọ́dún tó ń bọ̀, iṣẹ́ alábòójútó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Alága, Alpo Siltanen, ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ń bu kọfí.

"Ọdún mẹ́ta la ti wà nísàlẹ̀, Tarmo. Ra èèyàn gidi fún wa."

"Alága, àwọn tẹ́ ẹ rà tẹ́lẹ̀, ẹ rántí orúkọ ẹyọ kan nínú wọn? Ẹ tún rántí yìnyín àgbàlá yín?"

Ojú Alpo pọ́n. Ọmọ kékeré ní Kivilahti mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ la ń wọ́n omi, a jẹ́ kó dì, a tún wọ́n òmíràn, bí ogún ìgbà. Alpo kò ní sùúrù. Lọ́dún tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín, ó tú omi kún àgbàlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òkè dì, ó ń dán. Abẹ́ kò dì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gun orí rẹ̀, ó sì rì dé orúnkún.

"Má gbé ìyẹn wá síbí."

"Mo ti gbé e dé. Ẹ jẹ́ kí ti ọmọ yìí dì."

Aago mẹ́rin lù. Tarmo kò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún, àmọ́ wọn kì í sọ bí àyà rẹ̀ ṣe ń já bó ṣe di ọmú kìnnìún mú.

Nígbà tí ìdíje tuntun bẹ̀rẹ̀, eré méje àkọ́kọ́ ni wọ́n pàdánù. Nínú sauna, ilé ooru tí wọ́n ti ń wẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ Tarmo ń kẹ̀yìn sí i. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Nígbà tí eré ìkẹyìn fi dé lóṣù kẹta, bí wọ́n bá borí, wọn ò ní ṣe ìkẹyìn mọ́.

Méjì sí méjì ni wọ́n wà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, nígbà tí Joona gba rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá lẹ́bàá ògiri, tó tan aṣọ́lé jẹ, tó sì gbá a wọlé.

Níbẹ̀, bí ẹnì kan bá ti jẹ góòlù, akéde ló ń pe orúkọ àkọ́kọ́, èrò ló ń fi orúkọ bàbá dá a lóhùn. Nígbà tó jẹ́ àwọn tí wọ́n rà wá, pátákó orúkọ tó wà lókè ni èrò máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó dáhùn, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì máa ń gbà pe orúkọ náà.

"Joona!"

"Rautio!" Olùkọ́ rẹ̀ pè é, agẹrun rẹ̀ pè é, ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí kò tíì léyín pè é. Orí Tarmo wú débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo òkè, níbi tí alága máa ń jókòó sí.

Alpo ti dìde, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Rautio!" Ohùn tirẹ̀ pẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n kò wo pátákó.