Káàdì Virgil Tunney Ọlọ́wọ́ Òsì

Merle Hostetter ń gbé ní ìlú Corliss, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ìfura tó wà nínú ọkùnrin yìí pọ̀ débi pé tí wọ́n bá bù ú pín káàkiri, kò ní sí ẹni tí wọ́n máa rí jí nǹkan rẹ̀ mọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Tó bá bọ èèyàn lọ́wọ́ tán, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ka ìka ara rẹ̀ bóyá ó ṣì pé. Dókítà sọ fún un pé ara rẹ̀ le koko, Merle ní, "Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?" Ajá aládùúgbò ju ìrù sí i, Merle dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Kí lo bà jẹ́ tó o fi ń bẹ̀ mí?"

Ibi kan ṣoṣo tí ìfura yìí ti wúlò fún un ni ibi káàdì bésíbọ́ọ̀lù tó ń kó jọ, àwọn páálí pélébé tí wọ́n tẹ àwòrán agbábọ́ọ̀lù sí. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí káàdì ṣì ń wà nínú páálí ṣingọ́ọ̀mù. Ó jẹ ṣingọ́ọ̀mù nítorí káàdì títí àgbọ̀n rẹ̀ fi yọ iṣan ju itan ẹṣin lọ. Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, káàdì ti gba yàrá àlejò, ó ti gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti ń yọjú wo kíṣìnì. Doreen ìyàwó rẹ̀ ní tí òun bá kú, kí wọ́n má sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ Merle, nítorí káàdì ò ní jẹ́ kí àyè gba òun nínú sàréè.

Ṣùgbọ́n ìwé pupa ńlá kan wà tí Merle kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí. Inú rẹ̀ ni káàdì ẹgbẹ́ Àwọn Alágbẹ̀dẹ ti Corliss ti ọdún 1958 wà, ẹni mẹ́rìnlélógún, olúkúlùkù nínú àpò ọ̀rá tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Merle fi ń wá ìbuwọ́lù wọn. Á kọ lẹ́tà sí agbábọ́ọ̀lù, á fi káàdì sí i, á tún fi àpòòwé kejì sí i tó ti lẹ sítáǹpù mọ́, tó ti kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí, kí bàbá náà ṣáà kọ orúkọ, kó sì jù ú sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́. Òmíràn á padà dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òmíràn á lo ọdún mẹ́rin, á dé pẹ̀lú àbàwọ́n ọbẹ̀ lára. Mẹ́tàlélógún ti pé. Ó ku ẹyọ kan: Virgil Tunney, ajubọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Merle kọ̀wé sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá lẹ́tà padà pé ó ti kó kúrò.

Ẹnì kan ṣoṣo láyé ni Merle ń jẹ́ kó ṣí ìwé pupa yìí, òun náà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kó tó jókòó. Orrin Vasko ni. Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọ́n jọ ń kó káàdì, ogójì ọdún rèé. Orrin ló wá mú ìròyìn wá pé ìlú kékeré tí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ń gbé ní West Virginia ni Tunney wà, tó ń sin oyin. Ó ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun, kí Merle fún òun ní káàdì náà, kí bàbá náà lè buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Merle fi rò ó. Lẹ́yìn náà ló fi káàdì sáàárín páálí méjì, ó fi tówẹ́ẹ̀lì wé e, ó gbé e sínú agolo bisikíìtì, ó fi okùn di agolo. Ọmọ tuntun kì í gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Orrin padà dé, ó gbé agolo sórí tábìlì kíṣìnì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó bímọ.

"Ṣí i, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti pé!"

Merle tú u. Orúkọ náà nìyẹn, *Virgil Tunney*, íńkì búlúù, ó mọ́ tónítóní. Ọkàn Merle fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu àjà. Kó tó balẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sórí àwòrán. Nínú àwòrán náà, Tunney na ọwọ́ òsì sókè, bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, ìbọ̀wọ́ ńlá ti àwọn agbábọ́ọ̀lù sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì ni.

Ẹ wò ó, Doreen náà ọlọ́wọ́ òsì ni. Gbogbo ìgbà tó bá ń kọ káàdì Kérésìmesì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé bírò lẹ́yìn, tó ń nu íńkì tútù, tí orúkọ gbogbo mọ̀lẹ́bí á di ẹrẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Merle ti ń wo ọwọ́ búlúù yẹn. Ìbuwọ́lù tó wà níwájú rẹ̀ yìí kò lẹ́rẹ̀ rárá. Ó tún wá tẹ̀ sí apá ọ̀tún bí ẹni tó ń bọ́ sínú bọ́ọ̀sì.

"Níbo lo ti rí i?" Merle bi í, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ní ilé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo."

"Kí ló ń jẹ?"

"Páńkéèkì."

"Mélòó?"

"Merle, mi ò kì í ka páńkéèkì nínú àwo ẹlòmíì."

"Bírò ta ló lò?"

"Bírò mi."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ọwọ́ wo ló fi kọ ọ́?"

Orrin họ orí. "Ọwọ́ wo kẹ̀? Ojú bàbá ni mò ń wò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn."

Merle bu kọfí fún Orrin, ó dúpẹ́, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ tú gbogbo lẹ́tà tí Orrin ti kọ sí i rí jáde. Ó gbé dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú. V tó wà nínú *Vasko* nírù gígùn tó ká bí ti ológbò. V tó wà nínú *Virgil* nírù gígùn tó ká bí ti ológbò.

"Doreen! Wá wo olè!"

Doreen wò ó. "Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi náà ṣe ń kọ V. Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà kọ́ gbogbo wa. Ṣé èmi náà ló kọ ọ́ ni?"

Merle bojú wò ó. Ó rò ó díẹ̀.

"Má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀," ni Doreen wí.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò gbà á. Tó bá jẹ́ pé Orrin kọ ọ́ nínú mọ́tò rẹ̀ ní àárọ̀ yẹn ni, íńkì náà ṣì máa jẹ́ tuntun, á ṣí. Tó bá jẹ́ ti ìlú oyin lóòótọ́, á ti gbẹ. Merle mú òwú, ó ti òwú bọ sípíríìtì, ó fi kan ìrù *y* tó gbẹ̀yìn orúkọ, díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ojú ọmọ tó sùn. Ìrù náà lọ. *e* tẹ̀ lé e. Kó tó ké, gbogbo orúkọ ti di odò búlúù kan tó ń ṣàn lọ bá bàtà Tunney.

Ẹlòmíì á sunkún. Merle fò sókè. "Mo sọ ọ́! Ó ṣí! Ayédèrú ni!"

"Merle," ni Doreen wí, "sípíríìtì máa ń ṣí gbogbo íńkì. Ó máa ń ṣí ọ̀dà ara ògiri."

Kò gbọ́. Nígbà tó di Sátidé, ó wọ kóòtù tó fi ń lọ ìsìnkú, ó lọ sí ìpàdé àwọn tó ń kó káàdì jọ, ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn mọ́kànlá ti jókòó sídìí kọfí àti dónọ́ọ̀tì. Merle dìde, ó gbé káàdì sókè, ó ní ọ̀kan nínú wọn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ Virgil Tunney, ọlọ́wọ́ òsì, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún kọ ọ́. Ó nawọ́ sí Orrin.

Láàárín àwọn èèyàn yìí, ẹni tó bá fi iná jó ṣọ́ọ̀ṣì á rí ìdáríjì gbà. Ẹni tó bá kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù sórí káàdì, wọn ò ní kí i mọ́ títí tó fi máa kú.

Floyd Zeller, alága wọn, tí ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé, gba káàdì, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ọwọ́ òsì ló nà yìí o. Orrin, kí lo rí sọ?"

Orrin gbé dónọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ̀rù ba gbogbo wọn, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Orrin, kò fi dónọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní ìdajì rí.

"Merle, wọ mọ́tò."

"Ká lọ síbo?"

"Ọ̀dọ̀ Tunney. Báyìí. Tó bá ní òun kọ́ ló kọ ọ́, wá kó gbogbo káàdì mi, kó o wá kó àga tí mò ń jókòó kà wọ́n pẹ̀lú. Tó bá ní òun ni, má pè mí lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́."

Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi wakọ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Rédíò gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Merle ń fẹ̀gbẹ́ ojú wo Orrin bóyá á yà síbì kan láti sá. Kò yà.

Bàbá Tunney wà lẹ́yìnkùlé, láàárín àpótí oyin, ó fi àwọ̀n borí. Nígbà tó rí Orrin, ó ké, "Ọ̀gbẹ́ni Bírò! O tún padà wá?" Ó ṣí àwọ̀n, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó bu kọfí fún wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi di ìkòkò kọfí mú. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ro ṣúgà. Merle gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ wo lẹ fi ń ju bọ́ọ̀lù nígbà náà?"

"Ọ̀tún. Tí mo bá fi òsì ju òkúta láti inú ọkọ̀ ojú omi, kò ní balẹ̀ sínú omi."

Merle nawọ́ káàdì náà sí i. Bàbá wò ó, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó lágbára débi pé àwọn oyin padà sínú àpótí wọn láti lọ ṣèpàdé lórí rẹ̀.

"Àwòrán yìí! Oní-fọ́tò tí wọ́n rán wá lọ́dún yẹn ò mọ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ẹyin. Mo wá yá ìbọ̀wọ́ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, mo nawọ́ òsì sókè, mo lejú koko. Ó ní, 'Ó dára, ẹlòmíì!' Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀! Oṣù kan gbáko ni ìyá mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀." Ó yí káàdì padà. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti kọ òótọ́. Ẹ wò ó: ó ń fi ọ̀tún jù. Ẹ ò kà á ni?"

"Mo kà á," ni Merle wí, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Mo rò pé àṣìṣe àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni."

"Àwòrán tí mo fi tan yín jẹ lẹ gbà gbọ́, ìwé tó sọ òótọ́ lẹ fura sí! Kí ló wá ṣe orúkọ tí mo kọ síbí? Ó dà bíi pé omi òjò gbé e."

Orrin ò wo ojú Merle. "Ó fi sípíríìtì wẹ̀ ẹ́, bàbá."

Merle bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ní mẹ́tàlélógún ti pé, ó ní kí wọ́n ṣàánú òun, kí wọ́n tún un kọ. Àyè kékeré kan ló kù lókè káàdì, tí íńkì ò tíì dé. Bàbá Tunney gba bírò. Ó wo Merle, ó wo àwòrán, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ti ọmọ tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ó sún bírò sí ọwọ́ òsì.

"Rárá, ọ̀gá! Ẹ jọ̀ọ́—"

"Ọlọ́wọ́ òsì lẹ bá wá, ọlọ́wọ́ òsì náà lẹ máa bá lọ."

Ohun tó kọ síbẹ̀ dà bí ibi tí adìyẹ méjì ti jà sórí ẹrẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì nù ún dáadáa.

Nígbà tó di Sátidé kejì, káàdì náà ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Merle ti dìde, ó ti jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn pé Orrin ò purọ́, òun lòun purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n gba ìyẹn gbọ́. Ìbuwọ́lù tuntun ni wọn ò gbà gbọ́.

"Kí lèyí, Merle? Ṣé o sùn lórí bírò ni?"

"Virgil Tunney fi ọwọ́ òsì kọ ọ́, nítorí pé ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni," ni Merle wí, òun náà sì gbọ́ bó ṣe dún.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Floyd Zeller fi ohùn tó ń mi fèrèsé bi í pé, "Ta lẹlẹ́rìí rẹ?"

Ẹlẹ́rìí kan ló wà. Orrin jókòó sígun yàrá, ó ń jẹ dónọ́ọ̀tì, kò tíì bá Merle sọ ọ̀rọ̀ kan láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó jẹ ẹ́ tán pátá. Ó wá ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ òwú jáde, ó yọ ìgò sípíríìtì jáde, ó rìn wá síwájú.

"Gbé káàdì yẹn wá."

Merle dì í mọ́ àyà. Gbogbo ìfura tó ti ń kó jọ láti ọmọdé gun un lórí lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń ké sí i pé kó sá. Ó wo ìgò. Ó wo Orrin. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà níbí, ogójì ọdún wà lọ́hùn-ún. Ó na káàdì sí i, ó sì dijú.

Ó gbọ́ tí ìdérí ìgò ṣí. Ó gbóòórùn sípíríìtì. Nígbà tó lajú, Orrin ń fi òwú nu ṣúgà dónọ́ọ̀tì kúrò ní ìka rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"O ṣáà mọ̀ pé mi ò kì í fi ọwọ́ ìdọ̀tí mú káàdì rẹ," ló wí. Ó gbà á, ó yíjú sí àwọn yòókù. "Tunney ló kọ ọ́. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́. Ìṣojú mi ni, mo wo ọwọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá gbà, kó wọ mọ́tò."

Kò sẹ́ni tó dìde. Merle na ọwọ́, Orrin bọ̀ ọ́, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú pẹ́. Bí wọ́n ṣe jáwọ́, Orrin yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ka ìka ara rẹ̀.