Ìṣẹ́jú Kan Tí Wọ́n Fún Démi

Démi wọ bọ́ọ̀sì láti àdúgbò rẹ̀, Queens Village. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ayàwòrán tó ń lọ, ìṣẹ́jú kan péré ni yóò fi polówó iṣẹ́ rẹ̀ fún obìnrin kan tó ń ta àwòrán.

Nígbà tó kàn án, ó dìde. Ta ló ń yin ara rẹ̀ lójú àgbà láìkọ́kọ́ kí ilé? Ló bá kí gbogbo wọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀ ìjọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ìyá rẹ̀ ni aago dún.

"Mo ti gbọ́ ti ìyá rẹ," ni obìnrin náà wí. "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

Démi ki ọwọ́ bọ àpò kó yọ àwòrán, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ti dìde.