Ajílẹ̀ Ọ̀fẹ́

Fọláyan ni ẹni àkọ́kọ́ ní Idigny, lágbègbè Kétu, tó gbà kí kàmíyọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń pín ajílẹ̀ ọ̀fẹ́, já ẹrù sí oko rẹ̀. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló sì ń ro jẹun. Ilẹ̀ náà ti ṣá. Àgbàdo tó gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú kò ga kọjá èjìká rẹ̀.

Awakọ̀ ní ìgbẹ́ tí wọ́n kó nínú ṣáláńgá àwọn ará ìlú ńlá ni, wọ́n ti sá a gbẹ, wọn kò sì ní gba ohunkóhun lórí rẹ̀. Fọláyan rò ó wò. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni ìyá rẹ̀ fi ń bọ́ ilẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, kí ló wá burú nínú ti ènìyàn? Ó ní kí wọ́n dà á. Kò fẹ́ dá oore náà jẹ, ló bá pe Kàdíjátù, tí oko àwọn méjèèjì jọ pààlà, pé kó wá gba tirẹ̀. Ìyẹn kọ́kọ́ ń ṣiyèméjì, àmọ́ Fọláyan fi dá a lójú pé ó dára.

Lọ́dún àkọ́kọ́, àgbàdo ga débi pé àwọn èèyàn ń yà wò ó láti ọ̀nà Adakplamè. Lọ́dún kejì, nígbà tó ń kọ ebè ẹ̀gẹ́, ọkọ́ rẹ̀ ń gbé àwókù bátìrì àti ọ̀rá jáde. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ a máa rùn bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé. Ó sọ fún Solange ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kétu. Solange bá Géraud, òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, sọ̀rọ̀. Géraud gun alùpùpù wá, ó bu erùpẹ̀ káàkiri oko méjèèjì, ó wa ẹ̀gẹ́ díẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kútọnu fún àyẹ̀wò.

Ọ̀sẹ̀ méje kọjá kí Géraud tó padà wá. Lábẹ́ igi máńgòrò ló ti ṣàlàyé fún Fọláyan. Ìgbẹ́ nìkan kọ́ ló wà nínú ẹrù yẹn. Àwọn tó ń tú bátìrì àtàwọn aláró ìlú ńlá náà ń da omi ìdọ̀tí wọn sínú kòtò tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ ṣáláńgá sí. Òjé, májèlé inú bátìrì, wà níbẹ̀, àtàwọn kẹ́míkà mìíràn tí kì í jẹrà, ẹ̀gẹ́ sì ti ń fà wọ́n mu.

Fọláyan bi í pé ọdún mélòó ni wọn yóò fi kúrò nílẹ̀.

“Màmá, n kò ní purọ́ fún yín,” ni Géraud wí. “Ó lè ju ọjọ́ ayé wa lọ.”

Fọláyan kò sọkún. Ẹ̀gẹ́ tó ti rin sílẹ̀ fún gàrí ń bẹ nínú àpò, oníbàárà rẹ̀ láti Pobè sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó gbẹ́ kòtò sínú oko náà, ó da gbogbo ẹ̀gẹ́ náà sí i, ó bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wẹ ọwọ́, ó sì lọ sílé Kàdíjátù.

Ìyàwó ọmọ Kàdíjátù lóyún oṣù mẹ́fà, òun ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀fọ́ tí wọ́n já ní oko wọn. Fọláyan rọra gba igbá ẹ̀fọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ ohun tó bá wá fún Kàdíjátù.

Kàdíjátù gbọ́ ọ dópin. “Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ó dára, Ìyá Solange.”

“Èmi ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ẹlòmíràn wá sọ fún ọ.”

Kàdíjátù wọlé, kò sì sìn ín sọ́nà. Fún oṣù kan gbáko, bí wọ́n bá pàdé, ìkíni lásán ni. Fọláyan kò bínú sí i. Ó ń lọ láti agboolé dé agboolé tó ti gba ẹrù yẹn. Àwọn kan gbọ́. Àwọn mìíràn ní ó fẹ́ ba gàrí Idigny lórúkọ jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbọ́ pé kàmíyọ̀ tún ń bọ̀. Fọláyan gbé àpótí rẹ̀ sáàárín ọ̀nà oko, ó jókòó. Kò pẹ́ tí Kàdíjátù fi dé pẹ̀lú àpótí tirẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ dúró, Kàdíjátù ló dìde lọ bá a, ó fún un lómi mu, ó sì ní kó máa gbé ẹrù rẹ̀ padà. Awakọ̀ náà ní òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn ń ní kí òun gbé e ni. Ó yí kàmíyọ̀ padà.

Solange ṣètò kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ aláboyún náà wò. Òjé wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò tíì pọ̀. Wọ́n yí oúnjẹ rẹ̀ padà, ó sì bí ọmọbìnrin. Wọ́n ṣì ń gbé ọmọ náà lọ fún àyẹ̀wò.

Igi tíìkì ló wà lórí oko méjèèjì báyìí; kò sẹ́ni tó ń jẹ nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì jọ gba ilẹ̀ oko mìíràn ní Okpomèta. Ọ̀nà rẹ̀ jìn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń jọ gun zémìjan kan, alùpùpù akérò, Kàdíjátù á jókòó sẹ́yìn ọlọ́kọ̀, Fọláyan á fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tirẹ̀, ọkọ́ méjèèjì á sì wà lórí itan wọn, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ òjò títí wọn yóò fi débẹ̀.