Iyùn Tí Ìyá Agbẹ̀bí Fi Pamọ́

Oṣù mẹ́rin gbáko ni aṣọ fi bo àpótí gíláàsì tí onígbàjámọ̀ kan ń sin ẹja sí ní pálọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àpótí náà ló fi ń yangàn jù láyé. Omi iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀ bíi ti òkun, pẹ̀lú òkúta, ẹja pupa mẹ́ta, àti iyùn. Kì í ṣe iyùn tí à ń so mọ́ ọrùn o. Iyùn ààyè ni mò ń wí, ohun ẹlẹ́mìí tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta, tó ń là bí òdòdó bí iná bá tàn sí i. Àwọn tó ń sin irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹ́ lórí fóònù, Ọ̀gá Omi sì ni wọ́n ń pe onígbàjámọ̀ wa níbẹ̀. Bí omi ẹnikẹ́ni bá dàrú, òun ni wọ́n ń bi. Kì í jẹ́ kí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì, torí ọkùnrin náà fẹ́ràn kó máa dáhùn ìbéèrè ju oúnjẹ lọ.

Ohun tó wà lábẹ́ aṣọ náà kò ṣeé fi han ọ̀tá. Koríko omi ti bo gbogbo òkúta, ó gùn, ó ń yọ̀, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí irun orí tí kò rí abẹ lọ́dún mẹ́ta. Láràárọ̀, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, á ti ọwọ́ bọ omi, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á, á máa fà á tu. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti hù padà. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ní irun gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ràn sí ọkọ òun lẹ́nu, àfi èyí tó wà nílé. Ọkọ kò rẹ́rìn-ín.

Ó mọ ohun tó fà á, ìyẹn ló tiẹ̀ ń dùn ún jù. Asẹ́ tó fi ń sẹ́ omi ẹ̀rọ kó tó po iyọ̀ mọ́ ọn ti gbó, ó ti ń jẹ́ kí ìdọ̀tí tí koríko ń jẹ kọjá. Òun tó ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n máa dán omi wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó ti lé lọ́dún kan tó ti dán tirẹ̀ wò gbẹ̀yìn. Nígbà tó máa fi pààrọ̀ asẹ́, koríko ti gba ilé. Ó yẹ kó bi ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe ń lé èyí tó ti hù lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ló fẹ́ fi bi wọ́n? Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fi fọ́tò omi rẹ̀ tó hu koríko ránṣẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun. Ọ̀gá Omi fún un nímọ̀ràn lóòótọ́, ó kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n ó wá fi ọ̀rọ̀ kan dé e lórí lójú gbogbo èèyàn, pé ọ̀lẹ nìkan ni koríko ń hù nínú omi rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì dúpẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nítorí náà, nígbà tó kan Ọ̀gá Omi, aṣọ ló fi bo tirẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, á wá fọ́tò àtijọ́ kan jáde, á fi ránṣẹ́, á ní bí omi òun ṣe rí lónìí nìyí.

Orí èyí ló wà tí ìyá agbẹ̀bí fi pè é. Ìyá ti fẹ̀yìn tì. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ onígbàjámọ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló sì kọ́ ọ níṣẹ́ omi iyọ̀. Iyùn kan wà tí bàbá náà fi ọdún mọ́kànlá tọ́, elésè àlùkò tí àárín rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Kó tó kú, ó gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún onígbàjámọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn: èyí tó o bá fẹ́ràn jù, fi díẹ̀ pamọ́ sílé ẹlòmíì, nítorí ọjọ́ tí tìrẹ bá kú. Ọjọ́ náà ti dé. Ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti bàjẹ́ nígbà tí ìyá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó sì tó padà dé, gbogbo ohun tó wà nínú omi ló ti kú. Ìyá ní òun ò tiẹ̀ sunkún, torí òun mọ̀ pé ti bàbá ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ òun. Òun máa wá gba díẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Onígbàjámọ̀ ní kò burú. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ṣí aṣọ, ó fa koríko sọ́tùn-ún sósì títí tó fi kan ìdí iyùn náà. Egungun funfun ló bá níbẹ̀, èyí tí iyùn máa ń fi sílẹ̀ bó bá kú. Ó fi èékánná ha gbogbo ara rẹ̀ bóyá á rí ibi tó ṣẹ́kù, kò rí nǹkan kan. Ojú tì í débi pé ó bo àpótí náà padà kíákíá, bí ẹni pé àwọn ẹja ń wò ó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀, ó ra iyùn kan, elésè àlùkò, àárín rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé.

Nígbà tí ìyá dé lọ́jọ́ Àìkú, abọ́ omi iyọ̀ ti wà lórí tábìlì, iyùn ti wà nínú rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní ẹja ń ṣàìsàn, wọn ò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ìdí tí òun fi bo àpótí nìyẹn. Ìyá gbé abọ́ náà lé itan, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbàdúrà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Bí o ṣe bá mi tọ́jú ohun tó ṣẹ́kù fún mi, ẹni tí wàá fi tìrẹ síkàáwọ́ rẹ̀ kò ní dà ọ́."

Onígbàjámọ̀ kò lè ṣàmín sí i. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ nínú kíṣìnì, òun náà kò ṣàmín. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀.

"Mà, kì í ṣe òun nìyí. Ti bàbá ti kú sí mi lọ́wọ́. Rírà ni mo ra èyí."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. Ó gbé iyùn náà sókè, ó fi ìdí rẹ̀ hàn án: òkúta róbótó funfun tí ṣọ́ọ̀bù máa ń lẹ iyùn títà mọ́ ṣì wà nídìí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kò tiẹ̀ rántí yọ ọ́. "Ó sì ti pẹ́ tí mo ti fura pé koríko ti hù sínú omi rẹ. Fọ́tò tó o ní o yà lóṣù tó kọjá, ìyàwó rẹ hàn nínú gíláàsì rẹ̀ pẹ̀lú oyún. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà ti ń rákò, ọmọ mi. Mo ń retí kí o pè mí. Ṣé o rò pé koríko ò hù sí tiwa rí ni?"

Ìyẹn ló gún un wọra jù. Bó bá pè ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ìyá á ti gbé búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ wá, iyùn bàbá ì bá má kú. Ìtìjú òun ló pa á, kì í ṣe koríko. Ìyá dìde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ kúrò. Gbàǹgbà dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò. Kò bú u, kò pariwo. Ó kàn bi í bóyá ó fún ẹnikẹ́ni nínú iyùn náà rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni. Kó tó di pé ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti gé èyí tí kò ju èékánná lọ fún oníbúrẹ́dì.

"Pè é," ni ìyá wí.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná búrẹ́dì ni obìnrin náà ń gbé. Ó gbà wọ́n wọlé tìyẹ̀funtìyẹ̀fun, ó ṣe bí ẹni tí kò rántí yẹ̀yẹ́ ọjọ́sí. Koríko ṣì wà lórí òkúta rẹ̀ níbì kan síbì kan, ìgbín omi ń jẹ ẹ́ lọ, kò sì fi nǹkan kan bò ó. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni iyùn bàbá wà, ó ti tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ìyá agbẹ̀bí fi orí kan gíláàsì. Ìgbà yìí ló tó wá sunkún.

Bí oníbúrẹ́dì ṣe ń gé ti ìyá, onígbàjámọ̀ kò mọ ibi tó máa kojú sí, ló bá kọjú sí ògiri. Bébà kan wà níbẹ̀ tí ìyẹ̀fun ti kún ara rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó fún un lọ́jọ́sí ni, obìnrin náà fi ọwọ́ dà á kọ lẹ́sẹẹsẹ: pààrọ̀ asẹ́, dán omi wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, dín oúnjẹ kù, dín iná kù, fi ìgbín omi sí i, máa fọwọ́ fà á tu, ní sùúrù. Gbogbo ohun tó sọ ló kọ, kò yọ ọ̀kan. Ìlà tó kẹ́yìn ni pé ọ̀lẹ nìkan ni koríko ń hù nínú omi rẹ̀.

Oníbúrẹ́dì gé ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó nà án sí i. "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi èyí pamọ́."

Kò lè gbà á. Ó sọ òtítọ́ fún un, pé koríko ti bo tòun, pé ó ti tó oṣù mẹ́rin, pé òun ò tíì lè gba iyùn ẹnikẹ́ni. Ó wá bi í: "Báwo lo ṣe ṣe é?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó yọ bébà náà lára ògiri, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe náà ni, sà."

Onígbàjámọ̀ ká bébà náà sí méjì kó lè fi í sápò. Ìlà tó kẹ́yìn, ti ọ̀lẹ nì, ló kọjú síta.