Bọ́tìnnì Tí Olóhùn-iyọ̀ Gbàgbé

"Ẹ pa á! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa máìkì yẹn!"

Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn yàrá ìpèkọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kéde ọkọ̀ tó ń bọ̀. Nínú yàrá náà, obìnrin tí gbogbo òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè ń pè ní Olóhùn-iyọ̀ la ojú. Ó wo iwájú rẹ̀. Iná pupa kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì ń tàn. Ó ti pe ọkọ̀ aago mẹ́sàn-án tán tipẹ́, àmọ́ kò rántí tẹ bọ́tìnnì padà.

"Kí ni wọ́n gbọ́?" ó béèrè bó ṣe ń ṣílẹ̀kùn.

"Gbogbo ẹ̀ ni! Láti pèpéle kìn-ín-ní dé ìkẹrin, títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá kan tiẹ̀ wá bi mí pé ìlú wo ni wọ́n ń pè ní Ṣivaya, ṣé ọkọ̀ ibẹ̀ máa dúró níbí."

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, Olóhùn-iyọ̀ ì bá rẹ́rìn-ín. Ó kó ìlẹ̀kẹ̀ igi ọwọ́ rẹ̀ sínú àpò, ó sì jókòó padà, nítorí ọkọ̀ mìíràn ti ń bọ̀, kò sì sí ẹlòmíì tó máa pè é. Ó pè é. Ohùn rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Kí fóònù orí tábìlì tó dún ló ti mọ̀ pé Ọ̀gá Ibùdókọ̀ ni. Ọ̀gá ní kó wá rí òun ní ọ́fíìsì láago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọdún mẹ́tàlá ni obìnrin yìí ti fi ń pe ọkọ̀. Yàrá rẹ̀ kò ju ibi tí ènìyàn méjì lè jókòó sí lọ: gíláàsì níwájú, aago lókè, àti pátákó oníná tó ń sọ fún un bóyá pèpéle kìn-ín-ní, ìkejì, ìkẹta tàbí ìkẹrin ni ọkọ̀ ti máa dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wo pátákó, kó sì sọ ohun tó rí. Ohùn náà dùn débi pé àwọn tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ lọ gan-an kì í lè bínú sí i.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ohùn dídùn yìí dá wàhálà sílẹ̀. Òwúrọ̀ ni, èrò pọ̀ bí omi. Àbúrò rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ àwàdà kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ó ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ kan wà lórí máìkì. Pátákó gbé ìkẹta jáde. Ẹnu rẹ̀ sọ ìkejì. Gbogbo èrò tó ti dúró sí pèpéle kẹta ya lọ sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń sáré, wọ́n ń ti ara wọn. Bàbá àgbà kan ṣubú níbẹ̀, egungun itan rẹ̀ sì kán.

Nígbà tí Ọ̀gá béèrè bó ṣe jẹ́, irọ́ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó ronú: "Pátákó ló gbé ìkejì jáde, sà."

Wọ́n gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni pátákó náà ti ṣe ségesège lóṣù yẹn, wọ́n sì mọ Olóhùn-iyọ̀ sí ẹni tí kì í ṣìṣe. Ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn pátákó, tí wọ́n ń pè ní Oníwáyà, ni ọ̀rọ̀ dà lé lórí. Wọ́n ní kó máa lọ sílé ná títí ìwádìí á fi parí. Ó ń búra, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì di àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ méjì ló ń tọ́. Olóhùn-iyọ̀ nìkan ló mọ̀ pé ọkùnrin náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Sárì bá a lẹ́yìn yàrá ìdúró, ó ń gbìyànjú láti mu omi, omi ń dà sí i láyà. Ará Íńdíà ni màmá yìí, òun ló ń tọ́jú yàrá ìdúró, sárì, aṣọ gígùn tí àwọn obìnrin Íńdíà máa ń ró, ni ó sì máa ń wọ̀ lábẹ́ ẹ̀wù iṣẹ́. Kò bi í ní ohun tó ṣe é. Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó jókòó, ó ní kó máa tẹ̀ lé òun sọ ọ́: *Óòmù namaa Ṣivaya.*

"Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀, Mà?" Olóhùn-iyọ̀ béèrè.

"Mo júbà Ṣiva. Ọlọ́run là ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé mímí lásán ni."

"Ṣé mo ti di ẹlẹ́sìn yín nìyẹn?"

"Ta ló pè ẹ́? Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n, mo sì kọ́ ẹ ní ohun tó mú tèmi dúró nígbà tí ọkọ mi kú. Tó ò bá fẹ́, dìde."

Kò dìde. Bí wọ́n ṣe ń pàdé láràárọ̀ nìyẹn, kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé. Màmá Sárì fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ igi tó jọ tẹ̀sùbáà, mẹ́jọ lé lọ́gọ́rùn-ún, kó máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ka orúkọ náà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nira. Ketekete ni Olóhùn-iyọ̀ ń pe orúkọ náà, tó ń gbé ohùn sókè níparí, títí Màmá Sárì fi rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí! O ń pe Ọlọ́run bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ! Rọra. Kò lọ síbì kankan."

Ó rọra. Kí oṣù kan tó pé, ọwọ́ rẹ̀ ti ń dúró. Ìṣòro kan ló kù. Bó bá ti ka ìlẹ̀kẹ̀ dé nǹkan bí ọgọ́ta, tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí etí rẹ̀ dákẹ́, Oníwáyà á wá sí i lọ́kàn, tòun ti àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó bẹ Màmá Sárì pé kó fún òun ní orin mìíràn, èyí tó lágbára jù ú lọ, tó máa lé ìrònú kan báyìí kúrò.

"Kò sí irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi," màmá náà dáhùn. "Eléyìí á mú ẹ jókòó. Ohun tó o bá rí nígbà tó o jókòó, tìẹ ni."

Ó bínú sí màmá náà lọ́jọ́ yẹn, kódà kò kí i nígbà tó ń lọ sílé. Àmọ́ ó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì ń jí àkókò díẹ̀ ṣe é láàárín ọkọ̀ kan àti òmíràn, nínú yàrá ìpèkọ̀, títí dé ọjọ́ tó gbàgbé bọ́tìnnì yìí.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fìríìjì ṣe, ti ń dúró dè é pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ẹnì kan ti gba ohùn náà sílẹ̀, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé ìwọ rèé?"

"Èmi ni, Dádì wọn."

"O ti yí ẹ̀sìn padà, ẹnìkan ò sì sọ fún mi?"

"Mi ò yí nǹkan kan padà. Ó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni."

Ọkọ rẹ̀ tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó dùn létí o, mi ò lè sẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ lọ́la, sọ pé orin fóònù ló jáde. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Bí mo ṣe dẹ́bi ru pátákó náà nìyẹn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Kí lo sọ?"

"Kò sí nǹkan." Ó dìde lọ fọ abọ́. Ojú ara rẹ̀ ń tì í.

Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Ibùdókọ̀ gbé ìwé méjì síwájú. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Jókòó. Ènìyàn mẹ́rin ló kọ̀wé fẹjọ́ ẹ sùn. Ẹnì karùn-ún ní ká máa ṣe é lójoojúmọ́. Wò ó, kọ ọ́ síbí pé orin ló jáde látinú fóònù ẹ. Ìkìlọ̀ lásán ni màá fún ẹ, ó ti tán nìyẹn."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju tìẹ lọ." Ó fọwọ́ kan ìwé kejì. "Olú iléeṣẹ́ ti parí ìwádìí. Wọ́n ní ká yọ Oníwáyà níṣẹ́. Lọ́la ló ń gba lẹ́tà. Ó dùn mí o, àmọ́ itan bàbá yẹn ò tíì san títí di òní."

Olóhùn-iyọ̀ mú bírò. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó rò ó pé bí òun bá kọ ìlà kan yìí, òun á padà sídìí máìkì kí ọkọ̀ tó kàn tó wọlé, ìgbésí ayé á sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Ó wo orúkọ ọkùnrin náà lórí ìwé kejì. Lẹ́yìn náà ló gbé bírò sílẹ̀.

"Kì í ṣe fóònù, sà. Èmi ni. Mò ń ṣe é nítorí pé láti ọjọ́ tí bàbá yẹn ti ṣubú ni ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Pátákó ò ṣàṣìṣe, sà. Ìkẹta ló gbé jáde. Èmi ni mo pe ìkejì. Fóònù mi ni mò ń kà, mò ń rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ọ̀gá.

"Ṣé o mọ ohun tó ò ń sọ? Tí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò lè pa á rẹ́ mọ́."

"Mo mọ̀, sà."

"Oṣù mẹ́ta! Oṣù mẹ́ta lo fi ń kí mi káàárọ̀!" Ó fa ìwé kejì ya, ó tún fọwọ́ dí ojú. "Máa lọ sílé. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan máìkì yẹn mọ́ títí a ó fi pè ẹ́. A sì lè máà pè ẹ́."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà Oníwáyà. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Ọ̀gá mú fóònù rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, ó sì na fóònù sí i. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí Oníwáyà tó gbé e. Ariwo ọmọdé wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Hẹ́lò? Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, èmi tí mò ń pe ọkọ̀. Oníwáyà, o ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣì í pè, mo sì purọ́ mọ́ ẹ. Mo ti sọ fún Ọ̀gá báyìí."

Olóhùn-iyọ̀ gbọ́ tí ọkùnrin náà ń lé àwọn ọmọ jáde nínú yàrá, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn tì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ.