Ìpín Kọ̀ǹpútà Alhaji Ọláògún

Ọjọ́ tí Múdàṣírù mú Hàbíbàt, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, lọ fi han àwọn òbí rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kọ́ ni bàbá rẹ̀, Alhaji Ọláògún, kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Bí Hàbíbàt ṣe ń dìde lórí ìkúnlẹ̀ ni bàbá bi í pé:

"Wọ́n ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá èèyàn ra ṣíà lo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo fẹ́ ta ilẹ̀ mi tó wà ní Àgbọ̀wà, kí n fi ra ṣíà ilé-iṣẹ́ tó ń to kọ̀ǹpútà yẹn. Èrè wọn pọ̀ lọ́dún yìí, ṣíà wọn ò sì wọ́n. Kí lo rí sí i?"

Ọdún 2007 ni. Gbogbo ìlú ló ń ra ìpín ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní ṣíà, bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Hàbíbàt mọ̀ pé bí òun bá fọwọ́ sí i, wẹ́rẹ́ ni gbogbo nǹkan máa lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé-iṣẹ́ náà dáadáa.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Àwọn báǹkì ló ń ra kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn, gbogbo wọn ló sì jọ rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Báǹkì tó bá ti ra tuntun, ó dìgbà tó bá gbó kó tó tún ra òmíràn. Èrè ọdún tó dùn jù lẹ ń wò, òun ló jẹ́ kí ṣíà náà dà bí ọ̀pọ̀. Ẹ da ọdún tó dùn mọ́ ọdún tó korò kí ẹ tó díye lé e."

Wọ́n ti gbé oúnjẹ síwájú wọn. Múdàṣírù fẹsẹ̀ tọ́ Hàbíbàt lábẹ́ tábìlì. Alhaja Mùsílímátù, ìyá ọkọ, ló gba gbogbo wọn sílẹ̀: "Alhaji, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ kó tó tutù!"

Alhaji ò ta ilẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn, pàápàá nígbà tí ìpín náà tún ń gbówó lórí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an, bó ṣe ṣàdúrà tán ló ní, "Ìyàwó mi, ṣíà yẹn tún gòkè lánàá o!" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Hàbíbàt náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ń bi í bóyá òun ló ṣìnà.

Ọdún 2008 kò tíì parí tí ọjà ìpín fi dojú dé. Nígbà tó máa fi di àárín ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ náà ò jèrè kankan mọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Hàbíbàt pe bàbá láti ilé wọn ní Ìkòròdú.

"Bàbá, ẹ lè rà á báyìí. Díẹ̀ o, kì í ṣe owó ilẹ̀."

"Háà! Nígbà tí wọ́n ń jèrè, o ní n má rà. Wọn ò jèrè mọ́, o ní n rà. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Wọn ò jẹ gbèsè, Bàbá. Kọ̀ǹpútà àwọn báǹkì sì ti ń gbó. Wọ́n á padà wá rà."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Lọ́jọ́ Ajé, òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú lọ sí Èkó láti lọ ra díẹ̀ nínú ìpín náà. Ó ká agbádá sórí orúnkún kí omi má bàa ta sí i, ó sì ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà fún gbogbo èrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ló yé e.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, àwọn báǹkì ti tún ń rajà, ìpín náà sì ń rọra gbérí. Alhaji gbé ẹja tútù wá sí Ìkòròdú.

"Hàbíbàt, ìgbà wo la máa tà á?"

"N ò tíì mọ̀, Bàbá."

Alhaji yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Múdà, ṣé o gbọ́ ọ? Gbogbo àwọn tó láwọn mọ̀ ọ́n lọ́dún 2007 ló ti wọko gbèsè."

Ó fẹ̀yìn ti àga, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.