Ọjọ́ Tí Alábẹ̀wò Jókòó Sílẹ̀ẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yé yín: obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń gba ọmọ ọlọ́mọ sọ́wọ́ láàárọ̀, tó sì ń dá wọn padà nírọ̀lẹ́ láìdín lójú, láìdín nímú. Ẹni burúkú ò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù máa ń sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀, ẹ̀rù sì bá Ọ̀gá lálejò lóṣù náà.

Ìwé kan ló dé láti ọ́fíìsì tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ìlànà tuntun ló wà nínú rẹ̀: iye ọmọ tí olùtọ́jú kan lè mójú tó, bí fèrèsé ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, ibi tí omi ìfọwọ́ máa wà, oúnjẹ, oorun, ohun ìṣeré. Alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé ìtọ́jú ọmọ tó bá yege á gbàwé àṣẹ, èyí tí kò bá yege, kó ti ilẹ̀kùn kóṣù tó parí. Ọmọ méjìlélógún ló wà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Kò níṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ òmíràn.

Ó ń ka ìwé náà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àfìgbà tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹsàn-án. “Ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú ọmọ gbọ́dọ̀ ti kọ́ṣẹ́ rẹ̀.” Ó pa ìwé dé. Abọ́mọrojọ́ ló wá sí i lọ́kàn.

Ta ni Abọ́mọrojọ́? Ìyá kan ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá ju Ọ̀gá lọ, òun ló sì ń tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́. Kò kàwé, kò ní sátífíkéètì kankan. Orúkọ yẹn ni wọ́n fún un torí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ. Ọmọ oṣù mẹ́rin tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì, Abọ́mọrojọ́ á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ pààrọ̀ ìdí yín o. Ẹsẹ̀ kan rèé, ìkejì dà? Ẹ ò fẹ́ gbé e wá? Ó dáa, màá dúró.” Á sì dúró lóòótọ́! Àǹtí Kékeré, tíṣà tó ń kọ́ àwọn tó dàgbà díẹ̀, a máa rẹ́rìn-ín sí i títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ gbọ́. Lọ́dún kẹta tí ilé náà ṣí, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ọ̀gá, ó sì fi oṣù méjì gbáko sùn sílé. Abọ́mọrojọ́ yìí ló ń ṣílẹ̀kùn láago mẹ́fà àárọ̀, òun náà ló ń tì í nírọ̀lẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ò kúrò. Ọ̀gá mọ̀ ọ́n, kò gbàgbé. Síbẹ̀ ó jókòó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó kọ létà pé kí ìyá náà fiṣẹ́ sílẹ̀, ó tì í bọ inú báàgì rẹ̀. Lẹ́yìn àbẹ̀wò ló fẹ́ fún un. Àwọn àgbà ní ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Òwe yẹn ń dún lórí Ọ̀gá bí eṣinṣin tó há sínú fèrèsé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilé mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè jẹun nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo àwòrán táwọn ọmọ yà, wọ́n ti gbé e kọ́ lókè pátápátá kọ́wọ́ má baà ya á. Ohun ìṣeré tuntun tò sórí pẹpẹ gíga, tòun ti ọ̀rá rẹ̀. Àpò tí Abọ́mọrojọ́ ń kó agolo òfìfo, ṣíbí onígi àti àkísà aláràbarà sí, Ọ̀gá ní kó gbé pàǹtí yẹn lọ sílé ìdáná.

“Ẹ̀yin náà, Ìyá, ẹ bá mi dúró síbẹ̀ títí àlejò á fi lọ,” Ọ̀gá ní. Kò lè wo ojú rẹ̀.

“Kò burú, Ọ̀gá,” Abọ́mọrojọ́ ní, ó sì wọlé lọ.

Alábẹ̀wò dé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú fún un, kò gbà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí láàárín àwọn ọmọ. Ó gbójú sókè wo àwòrán, ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn ún. Ó wo àwọn ọmọ tó káwọ́ gbera bí ìgbìmọ̀ àgbààgbà.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń ṣeré?”

“Eré kẹ̀?” Ọ̀gá fi ọwọ́ sọ̀yà. “Wọn kì í ṣeré níbí o! Ìwé nìkan ni, láti àárọ̀ dalẹ́!”

Yéè! Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Irọ́ tó fi ń pa ara rẹ̀ lára nìyẹn, torí àwọn ọmọ náà a máa ṣeré bí ẹní máa kú ni. Alábẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé, ó kọ ọ́ pẹ́. Ó wá ní kí wọ́n sọ ohun ìṣeré kan kalẹ̀. Àǹtí Kékeré gun àga, ó gbé ọkọ̀ ojú irin kan wá. Kò sọ́mọ tó mira. Ọ̀kan nínú wọn rọra béèrè pé, “Ṣé wọn ò ní nà wá tá a bá fọwọ́ kàn án?”

“Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ,” Alábẹ̀wò ní, ó sì tún kọ̀wé.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ oṣù mẹ́wàá kan figbe bọnu. “Kí ló ń ṣe é?” Alábẹ̀wò béèrè. Àǹtí Kékeré sáré ṣí ìwé àkọsílẹ̀: “Ó ti jẹun láago mẹ́sàn-án, mà.” Ẹkún ń le sí i. Ni ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní Lóyà, torí kì í gbà fúnni, bá dìde, ó lọ gbá ilẹ̀kùn ilé ìdáná gbà, gbà, gbà.

“Ìyá Abọ́mọrojọ́! Ẹ jáde o! Ọmọ yín ń sunkún, wọ́n sì ń kàwé fún un!”

Abọ́mọrojọ́ jáde, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà. “Ta ló ṣe ọ́? Ó tì o, á gbọ́ tèmi. Ṣé kí n gbé ọ? Nawọ́ ká rí i.” Ó dúró. Ọmọ náà fa ẹkún mu, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹ̀n!” Abọ́mọrojọ́ ní. “Ṣé ẹ gbọ́? Ó mọ̀ ọ́n sọ. Eyín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ti apá òsì.” Kí Ọ̀gá tó ṣẹ́jú, Lóyà ti wọ́ àpò agolo jáde, ìgbìmọ̀ àgbààgbà ti tú ká, ilé ti dọjà. Ọ̀gá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kóun wọlé. Ó ti parí.

Alábẹ̀wò mú agolo kan, ó fi ìka tọ́ ẹnu rẹ̀ wò. Ó jọ̀lọ̀. “Òkúta ni mo fi lù ú tó fi dan,” Abọ́mọrojọ́ ní. “Èyí tó bá lè wọnú ẹnu ọmọ, mi ò kì í kó o sí i.” Alábẹ̀wò wá ń nawọ́ sí ọmọ kọ̀ọ̀kan, Abọ́mọrojọ́ sì ń dáhùn: èyí ò lè sùn àfi tó bá ń wo fèrèsé, tọ̀hún, tí omi bá kan apá aṣọ rẹ̀, ó di ìjà, bàbá èyí rìnrìn àjò, láago mẹ́rin ó máa ń lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, òun á sì bá a dúró.

“Níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́, mà?”

“Mi ò kọ́ṣẹ́ o, ọmọ mi. Ọwọ́ àwọn ọmọ yìí ni mo ti kọ́ ọ.”

Ọ̀gá dijú. Alábẹ̀wò yíjú sí i, ó ní kí ló dé tí wọ́n fi irú èèyàn báyìí pamọ́ sílé ìdáná. Ọ̀gá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ojú ewé kẹsàn-án, ìlà ìsàlẹ̀.

“Ẹ ò ṣí ojú ewé kẹwàá?”

Kò ṣí i. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó ṣí i. Alábẹ̀wò bá a ṣí i, ó kà á sókè: “Ẹni tí kò bá tíì kọ́ṣẹ́, ilé tó gbà á síṣẹ́ gbọ́dọ̀ rán an lọ kọ́ ọ.” Ọ̀fẹ́ ni, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ náà lórí orúnkún rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ pẹpẹ kalẹ̀, kí wọ́n sọ àwòrán kalẹ̀, kí ọmọ máa ṣeré, kí ìyá yìí lọ kọ́ṣẹ́. “Bí kì í bá ṣe ti ìyá yìí ni, mà,” ó ní, “ìwé mìíràn ni ǹ bá kọ.”

Nígbà tí wọ́n ti kó ọmọ tán nírọ̀lẹ́, Ọ̀gá wọ ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀ gbàràmù.

“Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun lónìí, ẹ ṣeun nígbà tí mo wà lórí ìdùbúlẹ̀, mi ò dúpẹ́ tó rí. Ẹ forí jì mí. Mo kọ létà kan…”

“Mo mọ̀,” Abọ́mọrojọ́ ní, ó ń to ife. “Ó já bọ́ nínú báàgì yín lọ́jọ́ Ẹtì. Àǹtí Kékeré kà á fún mi, mo sì dá a padà síbẹ̀.”

Ọ̀gá gbójú sókè. “Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ Ẹtì? Ẹ tún wá láàárọ̀ yìí, ẹ fọ gbogbo póò àwọn ọmọ?”

“Ṣé àwọn ọmọ ló kọ létà ni?”

Ọ̀gá sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó sunkún bí ọmọ tí eyín ń yọ lẹ́nu, Abọ́mọrojọ́ sì jókòó tì í, ó ń bá a rojọ́ títí ó fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Lóyà ní òun fẹ́ bébà. Ọ̀gá yọ létà náà nínú báàgì, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta fún un. Abọ́mọrojọ́ ni ọmọ náà yà, ẹnu rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tójú ọmọ tó o. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ rí i, àfi kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láràárọ̀ tí Ọ̀gá bá dé, ó máa ń bẹ̀rẹ̀.